Ó Yẹ Kí Ọ̀dọ́ Òkè-Ògùn Máa Gun Kẹ̀kẹ́ Ológeere

Bí o bá dúró sí ojú pópó ní Ìlúà ní òwúrọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé, alùpùpù ni ojú rẹ yóò kọ́kọ́ rí. Ọmọ ilé-ìwé méjì tàbí mẹ́ta yóò há mọ́ ẹ̀yìn ọlọ́kadà kan, wọn yóò sì bá eruku lọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá gun kẹ̀kẹ́ ológeere kọjá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò bú sẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní kẹ̀kẹ́ baba àgbà ni ó ń gùn. Wọn yóò bi í bóyá kò sí owó ọ̀kadà ní ilé wọn ni. Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí lè wà lára àwọn tí ń rẹ́rìn-ín náà. Èmi pàápàá ti wà lára wọn rí. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ nínú àròkọ yìí ni pé ẹ̀rín náà kò tọ́. Ní èrò tèmi, kò sí ohun ìrìnnà tí ó yẹ ọ̀dọ́ Òkè-Ògùn tó kẹ̀kẹ́ ológeere, nítorí pé òun ni ó lè jẹ́ kí ó mọ ilẹ̀ tí a bí i sí. Ẹni tí kò mọ ilẹ̀ rẹ̀, àlejò ni ní ilé baba rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun ẹ̀gàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1817 ni Karl Drais, ará Jámánì, gbé kẹ̀kẹ́ onígi kan jáde, tí ẹni tí ó gùn ún ń fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ kí ó tó lè lọ. Ní 1885, John Kemp Starley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe èyí tí ó ní ṣéènì, tí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní 1888, John Boyd Dunlop ṣe táyà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ẹni iyì ni wọ́n ń gùn ún: tíṣà, akọ̀wé, oníwàásù, àti àwọn tí ń ra irè oko. Bí àgbẹ̀ kan bá ra kẹ̀kẹ́ tuntun, tẹbí tará ni yóò wá bá a yọ̀. Lẹ́yìn náà ni alùpùpù dé. Láàrin ọdún 1980 sí 1990, ó ti di ohun tí a fi ń gbé èrò káàkiri ìlú, àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ ní ọ̀kadà, orúkọ tí wọ́n yá lára ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air. Bí ọ̀kadà ti ń gbilẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ológeere ń di ohun tí a ń sá aṣọ lé ní ẹ̀yìnkùlé.

Jẹ́ kí n sọ bí èrò tèmi ṣe yí padà. Baba mi ní kẹ̀kẹ́ dúdú kan tí ó ti ń gùn kí a tó bí mi. Nígbà tí mo wọ ilé-ìwé gíga, ó ní kí n máa gùn ún lọ. Mo kọ̀. Mo ní gàárì rẹ̀ ń dun ìdí, ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ń tì mí. Baba wò mí, wọn kò sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, wọ́n yá kẹ̀kẹ́ kejì lọ́wọ́ aládùúgbò wa kan, wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ sí oko ìsàlẹ̀ odò. Mo rò pé mo mọ oko náà dáadáa. Ẹ̀yìn alùpùpù ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń wà lọ síbẹ̀. A ó gba títì, a ó yà, a ó sì já sí ẹnu ọ̀nà ahéré láìpẹ́. Ọ̀nà àfonífojì tí Baba gbà ní ọjọ́ yẹn, n kò gbà á rí.

A gun òkè olókùúta kan títí ẹsẹ̀ mi fi ń gbọ̀n. Nígbà tí ó le jù, a sọ̀ kalẹ̀, a sì ti kẹ̀kẹ́ wa. Láti orí òkè náà ni mo ti rí bí ilẹ̀ ti tẹ́ rẹrẹ: igi òrí níhìn-ín, igi irúgbá lọ́hùn-ún, oko ẹ̀gẹ́ àti oko àgbàdo tí wọ́n ti ṣẹ́ tán, àti ìlà aláwọ̀ ewé kan tí ó wọ́ kọjá láàrin pápá gbígbẹ. Baba ní, "Ibi tí o rí ewé tútù yẹn, odò ni." A mú bíréèkì dání, a sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Bí a ti ń sún mọ́ odò ni afẹ́fẹ́ ń tutù sí wa lára. Àwọn ọ̀pẹ dúró létí omi, adẹ́mu kan sì wà lórí ọ̀kan. Baba kí i pé, "Igbà á rọ̀ o!" Òun náà dáhùn láti òkè. Kẹ̀kẹ́ ológeere tirẹ̀ fara ti igi nísàlẹ̀, kẹ́ẹ̀gì méjì ni ó sì ti so mọ́ káríà rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Baba ti sọ kẹ̀kẹ́ wọn kalẹ̀ tí wọ́n mú mi rìn yí oko ká. Wọ́n fi pèrègún mẹ́ta hàn mí, tí baba tiwọn gbìn láti fi pààlà. Wọ́n fi àpáta kan tí ó là sí méjì hàn mí, àti ibi tí odò ń gbà kọjá kí àgbàrá tó yí i padà. N kò fi bẹ́ẹ̀ ka ọ̀rọ̀ náà sí. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mo sì fẹ́ kí a máa padà sílé.

Ní ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, Baba re ibi àgbà ń rè. Kò pẹ́ tí àríyànjiyàn fi bẹ́ sílẹ̀ láàrin ìdílé wa àti àwọn tí oko wọn bá tiwa pààlà. Àwọn àgbà pe àwa ọmọ, wọ́n ní kí ẹni tí ó bá mọ ààlà jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sí oko náà lọ́nà àìmọye, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ahéré nìkan ni ó mọ̀. Èmi ni mo ṣíwájú wọn. Mo mú wọn dé ìdí pèrègún kìn-ín-ní, mo mú wọn dé ìdí èkejì. Ẹ̀kẹta ti kú, ṣùgbọ́n kùkùté rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta tí ó là sí méjì. Àgbàlagbà kan láti ìdílé kejì mi orí, ó ní, "Ọmọ yìí bá baba rẹ̀ rìn." Bí ìjà náà ti parí nìyẹn. Bí kì í bá ṣe ti kẹ̀kẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, èmi pẹ̀lú ìbá dákẹ́ bí ẹ̀gbọ́n mi.

Ìdí kìn-ín-ní nìyí tí mo fi dúró ti kẹ̀kẹ́: ìwọ̀n eré rẹ̀ bá ojú àti etí ènìyàn mu. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lè rin kìlómítà márùn-ún ní wákàtí kan. Ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ lè lọ tó mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, síbẹ̀ yóò gbọ́ ohùn ẹyẹ, yóò lè kí ẹni tí ó bá pàdé, yóò sì lè dúró níbi tí ó bá wù ú. Alùpùpù yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ àti eré rẹ̀ kì í jẹ́ kí a rí ohun tí a ń kọjá lára rẹ̀.

Ronú sí orúkọ agbègbè wa ná. A ń pè é ní Òkè-Ògùn nítorí pé òkè odò Ògùn ni ó wà. Nítòsí Ṣakí ni odò náà ti ṣẹ̀. Ó gba inú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ Ilé kọjá. Ó dé Ìkẹ́rẹ́ ní agbègbè Ìṣẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti fi ìdídò ńlá sé e, tí adágún rẹ̀ lè gba omi tí ó tó 690 mílíọ̀nù mítà onígun mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ó ṣàn lọ sí Abẹ́òkúta títí ó fi wọ ọ̀sà ní Èkó. Odò Òfíkì, tí òun náà ṣẹ̀ nítòsí Ṣakí, wà lára àwọn odò tí ń ṣàn bọ́ sínú rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ mọ odò Ògùn sí odò Yemọja. Mélòó nínú wa ni ó ti dúró létí odò yìí rí, láìṣe pé ọkọ̀ gbé e kọjá lórí afárá? Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn rí. Òkèhò, tí ó jẹ́ olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Kájọlà tí Ìlúà wà lábẹ́ rẹ̀, kò sí níbi tí ó wà lónìí tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ ọdún 1916 ni àwọn ará ìlú náà ṣí kúrò ní ibùdó wọn àtijọ́ láàrin àwọn òkè, tí wọ́n sì tẹ ibi tí wọ́n wà báyìí dó ní 1917. Ẹni tí ó bá ti fi kẹ̀kẹ́ gun àwọn òkè wa yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ ìdí tí àwọn baba wa fi ń sá sí ààrin wọn nígbà ogun.

Èyí wúlò fún ìdánwò rẹ pẹ̀lú. Nínú ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé, wọ́n máa ń kọ́ wa pé bí àwọn ìlà gíga ilẹ̀ bá sún mọ́ ara wọn nínú àwòrán ilẹ̀, ibẹ̀ dagun. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ibẹ̀ tẹ́jú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè kọ́ ọ lórí kí ó sì gbàgbé. Ẹni tí itan rẹ̀ ti ro ó lórí òkè kò ní gbàgbé láéláé.

Ìwọ lè sọ pé ta ni yóò gun kẹ̀kẹ́ wá wo àfonífojì tiwa? Ó dára, jẹ́ kí a lọ sí ìlú òyìnbó wò. Ní ilẹ̀ Spéènì, agbègbè kan wà tí ń jẹ́ La Rioja, tí odò Ebro ń ṣàn kọjá. Èso àjàrà ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, ọtí wáìnì wọn sì lókìkí kárí ayé. Àwọn ènìyàn ń ti ìlú jíjìn wá láti gun kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá odò, láàrin ọgbà àjàrà. Wọ́n ń sùn ní abúlé, wọ́n ń jẹ oúnjẹ abúlé, wọ́n sì ń ra wáìnì lọ́wọ́ ẹni tí ó pọn ọ́n. Ojú irin àtijọ́ kan wà níbẹ̀, láti Calahorra dé Arnedillo, lẹ́bàá odò Cidacos. Ọkọ̀ ojú irin kò gba ibẹ̀ mọ́. Dípò kí wọ́n jẹ́ kí igbó bò ó, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti ti ẹlẹ́sẹ̀. Láti ọdún 1993 ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Spéènì, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sì ti lé ní 3,000 kìlómítà lónìí.

Kí ni wọ́n ní tí a kò ní? Wọ́n ní odò, a ní odò. Wọ́n ní òkè, tiwa pọ̀. Wọ́n ní ọgbà àjàrà, àwa ní ọ̀pẹ etí omi, a sì ní adẹ́mu tí ń gun kẹ̀kẹ́ kí ojúmọ́ tó mọ́ kí ẹmu rẹ̀ má baà kan. N kò sọ pé kí ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ máa mu ẹmu o! Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn ará ibẹ̀ náání ohun tí wọ́n ní. Àwọn àgbà ní ohun tí a ní ni à ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Wọ́n tún máa ń sọ pé ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Lónìí, ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Ọmọ tí kò dé oko baba tirẹ̀ rí ni ó ń ní kò sí oko tí ó tó ti àwọn ẹlòmíràn.

Àwọn kan yóò ní ọ̀nà wa kò dára fún kẹ̀kẹ́. Èsì mi ni pé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó bí kẹ̀kẹ́ tí a fi ń gun òkè. Láàrin ọdún 1970 sí 1980, àwọn ọ̀dọ́ kan ní agbègbè Marin ní ìpínlẹ̀ California, ní Amẹ́ríkà, kó ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ onítáyà ńlá jọ, wọ́n sì ń fi wọ́n díje sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè eléruku. Bíréèkì inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn a máa gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí gíríìsì ibẹ̀ ń jóná, tí wọn yóò sì fi òmíràn sí i kí wọ́n tó tún lè sáré. Láti inú eré ọmọdé yìí ni wọ́n ti ṣe kẹ̀kẹ́ tuntun tí ó lágbára. Ní 1996, eré náà wọ ìdíje Òlíńpíìkì ní Atlanta, tọkùnrin tobìnrin. Òlíńpíìkì yìí kan náà ni Chioma Ajunwa ti fò gba wúrà fún Nàìjíríà. Nítorí náà, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kẹ̀kẹ́ kò yẹ ọmọbìnrin. Obìnrin tí ó lè ru igi láti oko dé ilé, kí ni kò ní jẹ́ kí ó lè tẹ kẹ̀kẹ́?

Ìdí kejì ni ti owó. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, iye owó lítà epo bẹntiróòlù kan kúrò ní nǹkan bí 190 náírà, ó sì fo kọjá 480 náírà. Kò sì dúró níbẹ̀. Ìwọ náà rí ohun tí owó ọ̀kadà dà. Mo mọ àwọn ọmọ tí ń pa ilé-ìwé jẹ ní ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ nítorí owó yìí, nígbà tí kẹ̀kẹ́ wà ní ẹ̀yìnkùlé wọn tí kò nílò ju táyà àti ṣéènì lọ. Ẹ̀gbin ni, kì í ṣe iyì, kí ìtìjú mú ènìyàn pàdánù ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ìdí kẹta ni ti ìlera àti ẹ̀mí. Kẹ̀kẹ́ ń mú ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró lágbára, ó sì ń jẹ́ kí ènìyàn sùn dáadáa ní alẹ́. N kò ní sọ pé ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ kì í ṣubú. Ṣùgbọ́n ìṣubú orí kẹ̀kẹ́ tí ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kò dọ́gba pẹ̀lú ti alùpùpù tí ó gbé ọmọ mẹ́ta, tí ó ń sáré, tí kò sì sí ẹni tí ó dé akoto nínú wọn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀wẹ̀, n kò ní fi òtítọ́ kan pa mọ́ fún ọ. Alùpùpù ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí ìyá kan bá ń rọbí lóru, tàbí bí ejò bá bu àgbẹ̀ jẹ lóko, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ni a ó wá. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé oòrùn Òkè-Ògùn mú, àti pé ní ọdún àìpẹ́ yìí ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé ti mú kí àwọn òbí máa ṣọ́ra. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí àfonífojì, má ṣe dá lọ. Ẹ jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí àgbàlagbà kan tí ó mọ ọ̀nà sì wà pẹ̀lú yín. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ ó dé fún àwọn ará ilé. Ẹ jí lọ ní kùtùkùtù, kí ẹ sì ti padà kí oòrùn tó kan àtàrí. Yẹ bíréèkì rẹ wò, fẹ́ táyà rẹ, fi òróró sí ṣéènì, dé akoto bí o bá rí i, kí o sì gbé omi dání. Ní ìgbà òjò, bí odò bá kún, padà sẹ́yìn; odò tí ó kún kò mọ ọmọ olóore. Bí o bá gba oko olóko kọjá, kí i, má sì fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tìrẹ.

Mo tún rọ àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n máa mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ wo odò àti òkè tí ó wà nítòsí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan. Wákàtí mẹ́rin létí odò lè ṣe ohun tí ìwé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò lè ṣe. Àwọn òbí náà kò gbọdọ̀ máa fi kẹ̀kẹ́ pe ọmọ wọn ní tálákà. Orí Ilẹ̀ Áfíríkà yìí náà ni Burkina Faso ti ń ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ láti ọdún 1987. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìlú Kigali ní Rwanda gba àlejò ìdíje kẹ̀kẹ́ orí títì ti gbogbo àgbáyé, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wá sí ilẹ̀ ènìyàn dúdú. Ilẹ̀ olókè ni Rwanda, bíi tiwa.

Ní ìparí, ìwọ tí o ń múra ìdánwò, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò kúrò ní Òkè-Ògùn lẹ́yìn tí èsì bá jáde. Ẹlòmíràn yóò lọ sí Ìbàdàn, ẹlòmíràn yóò lọ sí Èkó, àwọn mìíràn yóò sì kọjá òkun. Kò burú, ẹni tí ó bá rìn jìnnà ni yóò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n kí o tó lọ, lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ká aṣọ kúrò lórí kẹ̀kẹ́ yẹn, kí o nu ìpẹtà ara rẹ̀. Bí baba rẹ tàbí ìyá rẹ bá ṣì lágbára, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọ̀nà oko hàn ọ́, kí o sì bi wọ́n ní orúkọ odò tí ẹ bá kọjá. Èmi kọ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí Baba fún mi ní kẹ̀kẹ́ wọn. Bí wọn kò bá yá òmíràn fún mi ní ọjọ́ Sátidé yẹn, kò sí ẹni tí yóò lè fi ibi tí pèrègún kẹta wà hàn wá lónìí.